Orúkọ Ara àti Orúkọ Iṣẹ́: Ìbéèrè tí Kọ̀ǹpútà Àlòkù ń Bi Èdè-Ìperí Wa

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn aṣáájú wa ti ṣe lórí èdè-ìperí Yorùbá. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde. Ohun tí ó jẹ àwọn àgbà wọ̀nyí lógún ni pé kí ìmọ̀ tuntun má ṣe wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa láìní orúkọ, a kò sì lè dúpẹ́ tán lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó kan ìran tiwa ju tiwọn lọ. Nígbà tí ohun-èlò kan bá ti gbó, tí a gba iṣẹ́ tí a fi dá a mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí a sì gbé iṣẹ́ mìíràn lé e lọ́wọ́, ǹjẹ́ orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ṣì bá a mu?

Ní èrò tiwa, kò bá a mu. Àìbáramu náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán, nítorí pé ó ń dá ọmọ iṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń ná an lówó, gẹ́gẹ́ bí a óò ti fi hàn.

Kọ̀ǹpútà àlòkù ni a óò fi dán ìbéèrè náà wò, irú èyí tí a ṣe láti máa gbé lé itan, tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á. Irú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft fòpin sí ìtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 tí ó tẹ̀ lé e kò sì fẹ́ gba kọ̀ǹpútà tí kò bá ní ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Báyìí ni ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ ṣì le ṣe di ohun tí olówó ń gbé sọnù. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, àti ní ọjà gbogbo tí wọ́n ti ń ta èyí tí ó ti òkè òkun dé, tòkunbọ̀ ni à ń pè é. Ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí pé orúkọ ọmọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀ kí ó tó di orúkọ ọjà, ọ̀nà tí nǹkan gbà dé ni ó sì ń sọ, kò sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Fún ọlọ́jà, ìyẹn tó, nítorí pé ibi tí ọjà ti wá wà lára ohun tí ó ń mú owó rẹ̀ gòkè tàbí wálẹ̀. Fún olùkọ́, kò tó.

Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Ìbàdàn, níbi tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń ṣa ọ̀rọ̀ iṣẹ́-ọwọ́ jọ, irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kan wà lẹ́nu iṣẹ́. Ojú rẹ̀ ti là, bọ́tìnì mẹ́ta sì ti yọ lára àtẹ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kò sọ ọ́ nù. Ó ní kí wọ́n yọ dísíìkì àtijọ́ tí ń yí bí òkòtó kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi irú tuntun tí kò ní ohun tí ń yí nínú rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gbọn eruku inú fáànù rẹ̀ dànù. Wọ́n yẹ bátìrì rẹ̀ wò bóyá ó ti wú, nítorí pé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ tí ó bá ti wú lè gbiná. Yíyọ ni à ń yọ ọ́ kúrò, a kì í tẹ̀ ẹ́, a kì í gún un. Wọ́n pa Windows rẹ́, wọ́n sì gbé Linux wọ̀ ọ́, ètò tí Linus Torvalds ọmọ ilẹ̀ Finland bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsanwó. Lórí èyí ni wọ́n fi Samba lé, ètò tí Andrew Tridgell kọ́kọ́ gbé jáde ní Australia ní 1992, tí ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows lè rí fáìlì tí ó wà lórí èyí tí ń lo Linux. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìṣó dè é mọ́ pákó lókè ògiri, níbi tí eruku igi kò ti ní tètè bá a.

Láti ìgbà náà, orí rẹ̀ ni àwòrán gbogbo àga, tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti kàn rí wà, pẹ̀lú ìwọ̀n tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan mú wá. Fídíò tí ń fi hàn bí a ti ń ki ẹnu igi kan bọ inú òmíràn wà níbẹ̀, orin tí wọ́n ń gbọ́ lọ́sàn-án sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wáyà kan so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Ìlànà Ethernet kò sì jẹ́ kí irú wáyà bẹ́ẹ̀ gùn ju 100 mítà lọ láàrin ẹ̀rọ kan àti èkejì. Wi-Fi so ó mọ́ fóònù àwọn ọmọ iṣẹ́, wáyà mìíràn sì so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ara ògiri. Bí iná bá lọ, bátìrì rẹ̀ ń gbé e ró fún ìgbà díẹ̀, ohun tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò lè dá ṣe. Iná tí ó ń jẹ kò tó ti gílóòbù oní-60-wáàtì kan.

Kí ni kí á pe ẹ̀rọ yìí? Orúkọ mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀ nínú ìwé àti lẹ́nu àwọn oníròyìn: ẹ̀rọ ayárabíàṣá, kọ̀ǹpútà alágbèéká, àti kọ̀ǹpútà àgbélétan. Ẹ̀rọ yìí kò yára mọ́, àìyára rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di àlòkù. Kò sí ẹni tí ń gbé e káàkiri. Ìṣó mẹ́rin ni ó dì í mú. Láti ọjọ́ tí ó ti gun òkè ògiri, kò fara kan itan ẹnikẹ́ni. Ọmọ iṣẹ́ kan tí ó gbọ́ ayárabíàṣá lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bí ó bá jẹ́ àṣá ni, àṣá tí ó ti darúgbó ni. Ẹ̀rín ni ó fi ṣe, ṣùgbọ́n àríwísí tí ó jinlẹ̀ ni. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣákìí lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ìdí kan náà ni wọ́n sì fi ṣákìí.

Ìdí náà ni pé orúkọ ara ni gbogbo wọn. Ohun tí a pè ní orúkọ ara ni orúkọ tí ń sọ bí nǹkan ti rí, bí ó ti yára tó, bí a ti ń gbé e, tàbí ibi tí ó ti wá. Orúkọ iṣẹ́ ni èyí tí ń sọ ohun tí nǹkan ń ṣe fún ènìyàn tàbí fún ohun-èlò mìíràn. Ara a máa gbó, ipò a sì máa yí padà, orúkọ tí a bá sì so mọ́ wọn yóò bá wọn yẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, àpótí ńlá ni tẹlifíṣọ̀n jẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ sóde. Lónìí ó ti tín-ín-rín, a sì ń gbé e kọ́ bí fọ́tò. Síbẹ̀ ó ṣì ń mú ohùn, ó ṣì ń mú àwòrán, orúkọ rẹ̀ kò sì yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ amúnáwá, yálà epo ni ó ń mu ni o, oòrùn ni ó ń yá ni o. Ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ tí ó jẹ́ oní-téèpù nígbà kan ti wọ inú fóònù, orúkọ náà sì bá a wọlé láìsí wàhálà.

Ẹ wá fi wọ́n wé asọ̀rọ̀mágbèsì. Àpótí tí wọ́n ń fi wáyà fa ohùn wọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí ó dé Èkó ní 1935, ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá mu wẹ́kú: ó ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó jókòó tì í kò sì lè dá a lóhùn. Lónìí olóòtú ètò ń ka nọ́ńbà fóònù sétí wa, à ń pè é, à ń bá a jiyàn, à ń kí ará ilé wa lórí afẹ́fẹ́. Rédíò ti ń gba èsì. A ṣì ń lo orúkọ náà nítorí pé ó ti mọ́ wa lára, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá fẹ́ tú u palẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò níláti kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ní tèmi, orúkọ tí a fi àìlèṣe nǹkan sọ ni ó tètè ń gbó jù nínú gbogbo orúkọ ara.

Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé alùpùpù, tí a fi ariwo rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, kò tíì kú. Ẹlòmíràn yóò mú ọ̀kadà wá, orúkọ tí a fà yọ láti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan, tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí orúkọ gómìnà ológun tí ó ṣàkóso Èkó láàrin 1996 sí 1999 wà lára rẹ̀. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn orúkọ wọ̀nyí kò sọ iṣẹ́ kankan, wọ́n sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń tú ọ̀kadà palẹ̀ kí ó tó gùn ún. Ọ̀rọ̀-ìperí yàtọ̀. Ìdí tí a fi ń ṣẹ̀dá rẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè tú u palẹ̀, kí ó sì rí ìmọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá tú u tí ó bá irọ́ níbẹ̀, ó sàn kí á fi ọ̀rọ̀ àyálò sílẹ̀ fún un, nítorí pé ọ̀rọ̀ àyálò kò ṣe ìlérí kankan.

Ohun tí a ń wí yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Èso ìtàkùn kan náà ni a ń pè ní orúkọ oríṣiríṣi. Èyí tí a là sí méjì tí a ń bu oúnjẹ sí ni igbá. Kékeré tí a fi ń bu omi mu ni ahá. Èyí tí a ń rọ ẹmu sí ni akèrègbè. Èyí tí oníṣègùn ń kó oògùn sí ni àdó. Èyí tí a sì ta ìlẹ̀kẹ̀ yí ká kí ó lè máa dún ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé ìwọ̀n àti ìrísí náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé kì í ṣe gbogbo èso ni ó lè di àdó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní akèrègbè aláriwo. Nígbà tí ó gba iṣẹ́ tuntun, ó gba orúkọ tuntun. Èéṣe tí a óò fi máa pe apèsè fáìlì ní àgbélétan tí ó ti gbó?

Ìṣe náà fúnra rẹ̀ ń fẹ́ orúkọ. Àtúnṣe kò bá a mu, nítorí pé ohun tí a bá tún ṣe yóò padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Àtúnlò súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọ ìgò tí ó sì tún rọ epo sí i ti ṣe àtúnlò, láìyí iṣẹ́ ìgò padà. Ọ̀rọ̀ tí a dábàá ni àyílò: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, ọ̀rọ̀-ìṣe yí, àti ọ̀rọ̀-ìṣe lò. Àyílò ni yíyí ohun-èlò kúrò nídìí iṣẹ́ kan sí ìdí òmíràn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ó súnmọ́ àyálò jù, pé fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n. Èmi kò rí aburú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò ń yá ti ẹlòmíràn lò, àyílò ń yí ti ẹni lò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ rí wọn bí ìbejì kò burú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun ni jù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, bí a bá sọ pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbì kan, à ń sọ pé fóònù kò rí òpó ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ dáadáa. Bí a bá sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fa ẹsẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì ni à ń bá wí. Ìtumọ̀ kan tún wà, òun sì ni ojúlówó rẹ̀ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà: wíwà tí ẹ̀rọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ so mọ́ra wọn, yálà ọ̀nà já síta tàbí kò já. Ìtumọ̀ yìí ni a kò bá lẹ́nu àwọn ọmọ iṣẹ́ rárá.

Àbájáde rẹ̀ nìyí. Ọmọ iṣẹ́ kan tí ó fẹ́ wo fídíò bí a ti ń ki igi bọ igi sọ fún wa pé òun ń dúró de ìgbà tí òun yóò rí owó dátà. Ẹ̀rọ tí fídíò náà wà lórí rẹ̀ kò jìnnà sí i ju mítà márùn-ún lọ. Orúkọ Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù wà lójú fóònù rẹ̀. Kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó yẹ kí ó ná. Ohun tí ó mọ̀ ni pé láìsí dátà kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí fídíò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹnìkejì rẹ̀ tí ó rí owó ra dátà ń wo fídíò mìíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí èyí tí ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀ yàn fún iṣẹ́ wọn wà lókè orí rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kì í gba owó oṣù. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ orúkọ kò ju eré àwọn ọ̀mọ̀wé lọ.

Fóònù pàápàá ń dá kún un. Bí fóònù Android bá rí i pé Wi-Fi tí a so ó mọ́ kò dé íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò kìlọ̀ fún ẹni tí ó ni ín pé kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì lè fi Wi-Fi náà sílẹ̀ kí ó bọ́ sórí dátà. Ọmọ iṣẹ́ yóò gbà pé nǹkan ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan kò bàjẹ́. Atúmọ̀-èdè tí a bá fún ní ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ láti túmọ̀ sí Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan méjì ni ó wà níbẹ̀, pé ọ̀kan wà nígbà tí èkejì kò sí.

Ayélujára, tí àwọn oníròyìn ti ń lò fún íńtánẹ́ẹ̀tì, wúlò fún wa níhìn-ín. Ayé lu já ara: orúkọ iṣẹ́ ni, ó dára, kò sì yẹ kí á fi pe ohun tí kò kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Fún èyí tí kò jáde, ìsokọ́ra ni a dábàá, kí á sì sọ ibi tí ó mọ: ìsokọ́ra ṣọ́ọ̀bù, ìsokọ́ra ilé-ẹ̀kọ́, ìsokọ́ra agboolé. Ayélujára yóò wá jẹ́ ìsokọ́ra àwọn ìsokọ́ra, bí ó sì ti rí gan-an nìyẹn. Àdírẹ́sì inú ìsokọ́ra bẹ́ẹ̀ pàápàá rọrùn láti fi Yorùbá ṣàlàyé. Láti 1996 ni àdéhùn ti wà pé àwọn nọ́ńbà kan, irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, jẹ́ ti inú ilé nìkan, tí a kò lè fi wọ́n wá ẹnikẹ́ni lórí ayélujára. Agboolé wo ni kò ní Ìyá Àgbà? Nínú ilé, gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí à ń pè. Bí a bá dúró lójú títì tí a pe Ìyá Àgbà, orúkọ náà kò tọ́ka sí ẹnì kan.

Ó ku ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, tí ọmọ iṣẹ́ tí ó mọ ìwé díẹ̀ ń pè ní sáfà. Mo ti rí ìránṣẹ́ níbi tí atúmọ̀-èdè kan ti gbìyànjú láti tú u. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń tú, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tí à ń rán jáde ni ìránṣẹ́, ẹ̀rọ yìí kì í sì í jáde; àwọn yòókù ni wọ́n ń tọ̀ ọ́ wá. Èyí mú mi ronú sí àmù, ìkòkò omi tí ó jókòó sí ìgun ilé, tí tọmọdé tàgbà ń fi ahá bù nínú rẹ̀, tí ó yàtọ̀ sí orù tí à ń gbé lọ sódò. Ó wù mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n omi inú àmù a máa dín bí a ti ń bù ú, fáìlì kì í sì í dín bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá tilẹ̀ mú un. Mo fi àmù sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣe àfiwé nínú kíláàsì. Apèsè ni mo mú: apèsè fáìlì, apèsè fídíò, apèsè orin. Ẹ̀rọ tí ó bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni olùbéèrè. Ipò ni méjèèjì, kì í ṣe ara, nítorí pé ẹ̀rọ kan lè jẹ́ apèsè lọ́wọ́ òsì kí ó jẹ́ olùbéèrè lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ọ̀rọ̀ kan yà sí ẹ̀gbẹ́ níbí tí ó kan àwa olùkọ́ èdè. Bí apèsè bá gba orúkọ fáìlì tí a kọ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, ó ṣeé ṣe kí fáìlì méjì tí ojú wa rí bí orúkọ kan náà jókòó sórí rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ìlànà Unicode, ọ̀nà tí a lè gbà kọ ẹ olóhùn òkè ju ẹyọ kan lọ. A lè kọ ẹ alámì abẹ́ kí á tó fi àmì ohùn lé e, a sì lè kọ e lásán kí á tó fi àmì méjèèjì kún un. Linux kò ka ọ̀nà wọ̀nyí sí ọ̀kan. Ẹni tí ó bá wá ẹ̀kọ́ tí kò rí i, kí ó má tètè pariwo olè.

Bí ẹ̀rọ àlòkù yìí bá tún dúró láàrin ìsokọ́ra ṣọ́ọ̀bù àti ayélujára, iṣẹ́ rẹ̀ ti di méjì. Ẹsẹ̀ kan rẹ̀ wà nínú ilé, èkejì wà níta. Ó ń wo àdírẹ́sì ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde, ó ń jẹ́ kí àwọn kan kọjá, ó ń dá àwọn kan padà. Ìlú Yorùbá tí ó ní odi mọ ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́: oníbodè ni. Bí a bá gba oníbodè, a óò bọ́ lọ́wọ́ ògiri iná, ìtumọ̀ kan tí mo ti bá pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí ó ń mú Yorùbá tí ó gbọ́ ọ wá omi tí yóò fi pa á.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lé ọ̀rọ̀ àyálò kúrò nílùú. Wáyà, bátìrì, fáìlì, dísíìkì, fáànù: ọmọ iṣẹ́ ń rí wọn, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n, kò sì ṣì wọ́n mú. Ẹni tí ó bá jókòó sí ọ́fíìsì láti ṣẹ̀dá orúkọ oní-mọ́fíìmù-mẹ́jọ fún wáyà ń fi àkókò ṣòfò. Láti 2004 ni aráyé ti ń lo Ubuntu, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, ọ̀rọ̀ àwọn ará gúúsù Áfíríkà sì ni orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ̀ ọ́ nítorí pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí ọ̀rọ̀ àyálò kan bá ti ru ẹrù méjì tàbí mẹ́ta, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ru ú yìí, ni ó ti yẹ kí á sọ ẹrù náà kalẹ̀ fún un.

Àwọn kan yóò bi wá pé ta ni ó ń fẹ́ gbogbo èyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé kí á fi èdè àbínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ó dun àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí, kò sì sí ìdí tí a ó fi díbọ́n pé kò dùn wá. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kò sí nínú ìlànà 2022, kò sì sí nínú ìfagilé 2025. Yorùbá ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ kí ìjọba tó sọ̀rọ̀, òun náà ni ó ń fi kọ́ ọ nísinsìnyí. Òǹkàwé wa wà níbẹ̀ tí kò tíì rí ìwé wa.

Nítorí náà ni a fi ń bẹ olóòtú pé, láti ìsinsìnyí lọ, kí ọ̀rọ̀-ìperí kọ̀ọ̀kan tí a bá fi ránṣẹ́ sí ìwé yìí ní gbólóhùn kan tí ń sọ iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe, àti orúkọ irú ṣọ́ọ̀bù tàbí kíláàsì tí a ti gbé e lọ kí á tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì jáde kúrò lórí tábìlì ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀, kí ó dúró ná. Mo mọ̀ pé èyí yóò dín gígùn àkójọ ọ̀rọ̀ wa kù. Kò dùn mí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí a kò tíì rí orúkọ tí ó tẹ́ wa lọ́rùn fún, èyíinì ni mídíà, bí a bá fi pe orin, fídíò àti àwòrán lápapọ̀. Amóhùnmáwòrán ti di ti tẹlifíṣọ̀n. Agbóhùnsílẹ̀ fi àwòrán sílẹ̀ sẹ́yìn. Ohùn-òun-àwòrán sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kò sọ iṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù tí a sọ yìí, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí á gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n tàbí kí á gbé e síta: ọ̀rọ̀-ìṣe wà, ọ̀rọ̀-orúkọ ni kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dábàá agbéjáde fún ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ ìwé síta náà ń gbé nǹkan jáde. Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé tí ó bá ti gbọ́ èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ti mẹkáníìkì, tàbí ti àwọn tí ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí olóòtú, pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ó gbọ́ ọ.